Ta Ni Ó Ni Owó Inú Àpótí?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Olùpèsè, ẹni tí ó ń pín arísìkí fún ẹrú Rẹ̀ bí Ó ti fẹ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ òwò ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Iṣẹ́ olùkọ́ ilé kéwú ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá mọ ilé kéwú ní ìlú Ẹdẹ níhìn-ín mọ̀ pé owó oṣù olùkọ́ kì í tó jẹ oṣù tán. Nítorí náà, ó ti pé ọdún méjìlá báyìí tí mo ti ń ta ìwé kéwú, tẹ̀súbáà, fìlà àti aṣọ ìléèwé lẹ́yìn tí a bá ti jáde ní kíláàsì. Láàárín ọdún wọ̀nyí, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti wá bá mi pé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò kò níye. Ìbéèrè wọn kì í yí padà. Irú ọjà wo ni ó ń yá? Èló ni ojú owó tí ó lè gbé e dúró? Níbo ni a ti ń rà á lọ́pọ̀? Ìbéèrè rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn, bẹ́ẹ̀ òun ni mo rí pé ó ń gbé òwò dúró tàbí kí ó wó o lulẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé: nígbà tí owó bá ti wọ inú àpótí, ta ni ó ni ín?

Ẹni tí a bá bi yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Ta ni ì bá tún ni ín bí kò ṣe èmi tí mo ta ọjà?" Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi ara balẹ̀ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

ẸSÌN KÒ BÁ ỌJÀ JÀ

Àwọn kan nínú wa rò pé ẹni tí ó bá fẹ́ sún mọ́ Ọlọ́hun ní láti jìnnà sí ọjà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí Ànábì wa tó di òjíṣẹ́, ó kó ọjà Khadijah ọmọ Khuwaylid lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ìwà òótọ́ tí ó hù lórí ọjà náà sì wà lára ohun tí ó mú kí obìnrin ọlọ́lá yìí fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ fi í sọ́kàn pé obìnrin ni ó ni òwò náà.

Nígbà tí Abdur-Rahman ọmọ Awf dé Mẹ̀dínà lọ́wọ́ òfo, Sa'd ọmọ Rabi' fẹ́ pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì fún un. Abdur-Rahman ṣàdúrà fún un, kò gba ohun ìní náà, ó ní kí wọ́n ṣáà fi ọ̀nà ọjà han òun. Ọjà kékeré, wàrà gbígbẹ àti ọ̀rá wàrà, ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó kú, ó ti wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ láàárín àwọn sàábé. Imam Abu Hanifa tí a ń dárúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ fíkíhì, aṣọ ni ó ń tà ní ìlú Kufa. Ní ilẹ̀ Yorùbá wa níhìn-ín pẹ̀lú, àwọn oníṣòwò wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀sìn yìí wọlé. Ẹni tí ó bá ra ọjà lọ́wọ́ wọn ti rí ìwà wọn kí ó tó gbọ́ wàásù wọn.

Nítorí náà, bí òwò bá dára tàbí kò dára kọ́ ni ọ̀rọ̀ tiwa. Ọ̀rọ̀ tiwa ni ohun tí ó yẹ kí Mùsùlùmí mọ̀ nípa owó tí òwò bá kó sí i lọ́wọ́.

ẸJẸ́ KÍ A ṢÍ ÀPÓTÍ

Ká ní ọ̀dọ́ kan ta ọjà títí di alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó ka owó, ó rí i pé ó pé náírà 100,000. Ẹ jẹ́ kí a bá a pín in fún àwọn tí ó ni ín.

Ìyá kan ti san náírà 10,000 sílẹ̀ fún aṣọ ìléèwé ọmọ rẹ̀, aṣọ náà kò sì tíì dé. Owó ìyá yẹn ni títí aṣọ yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ku 90,000. Náírà 72,000 ni ó fi ra ọjà tí ó tà. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ àwìn tí oníṣòwò ńlá kan ní Ìbàdàn gbé fún un. Náírà 36,000 yìí, ti ará Ìbàdàn ni. Ìdajì kejì, 36,000, ni ojú owó. Òun ni yóò fi ra ọjà mìíràn, bí ó bá sì ná an, ẹsẹ̀ òwò ni ó gé. Owó ọkọ̀ jẹ́ 2,000, ti yàrá ìtajà jẹ́ 3,000, ti ọmọ tí ó ń bá a tajà jẹ́ 4,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 9,000. Ohun tí ó kù ni 9,000.

Ẹ ò rí i! Ẹni tí ó ni náírà 9,000 ni ó ń wo náírà 100,000 lójú. Nínú 9,000 yẹn náà, ìyàwó wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, bàbá àti ìyá wà níbẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé owó kò kọ orúkọ olówó sí ara. Náírà ará Ìbàdàn kò yàtọ̀ sí náírà èrè. Ní ayé àtijọ́ pàápàá, ìyá oníṣòwò a máa so owó ọjà sí etí aṣọ kan, a sì so ti oúnjẹ sí òmíràn. Lóde òní tí owó wà nínú fóònù, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni báǹkì ń fi hàn wá, gbogbo rẹ̀ a sì dà bí tẹni. Bí òwò bá wá dẹnu kọlẹ̀, a ó ní ayé ni, a ó ní aládùúgbò ni ó dí i. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí a fi owó àpótí ṣe ìkómọ, tí a fi ra fóònù ńlá, ẹnikẹ́ni kò fi oògùn mú wa.

Èyí tí ó ń ká mi lára jù ni ti Iléyá. Ọ̀dọ́ oníṣòwò á mú owó ẹni tí ó gbé àwìn fún un, á fi ra àgbò oníwo ńlá kí àwọn àna àti àwọn ará àdúgbò lè rí i. Ẹran Iléyá kì í ṣe dandan fún ẹni tí kò ní agbára rẹ̀. Gbèsè sísan ni dandan. Ta ni ó wá pa àgbò náà? Ṣé ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú ni, tàbí ará Ìbàdàn tí wọ́n fi owó rẹ̀ rà á láì gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu rẹ̀?

Orúkọ tí ẹ̀sìn wa ń pe irú owó bẹ́ẹ̀ ni àmáánà. Ẹ rántí òru tí Ànábì wa kúrò ní Mẹ́kà. Àwọn ará Mẹ́kà ti gbìmọ̀ láti pa á, síbẹ̀ ohun ìní wọn wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wọn kò rí ẹni tí wọ́n lè fọkàn tán jù ú lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni, a lè sọ pé ọ̀tá Ọlọ́hun ni wọ́n, a ó sì kó o lọ. Ànábì fi Aliyu ọmọ Abu Talib sílẹ̀ kí ó dá ohun ìní olúkúlùkù padà fún un. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ jinlẹ̀. A kì í wo ìwà ẹni tí ó ni àmáánà kí a tó dá a padà. Ìbáà ṣe ọ̀tá, ìbáà ṣe ẹlẹ́sìn mìíràn, ìbáà ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá tí a rò pé kò ní mọ̀, ohun rẹ̀ ni.

KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Bí owó kò bá kọ orúkọ olówó sí ara, àfi kí oníṣòwò bá a kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé áyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé wà nínú Súrà Bákárà, ó sì jẹ́ ìkejìlélọ́gọ́rin-lé-nígba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ohun tí áyà gígùn náà ń sọ: kì í ṣe ìrun, kì í ṣe ààwẹ̀. Gbèsè ni. Ó sọ nípa kíkọ gbèsè sílẹ̀, nípa akọ̀wé, nípa ẹlẹ́rìí, nípa pé kí gbèsè kékeré má ṣe sú wa í kọ. Bí Ọlọ́hun bá fún ọ̀rọ̀ ìwé gbèsè ní àyè tó bẹ́ẹ̀, kí ni ìdí tí àwa fi ń fojú kékeré wò ó?

Nínú àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àìsàn kan wà tí ó yẹ kí a sọ jáde. Arákùnrin kan á wá gbé ọjà àwìn, á ní ìparí oṣù ni òun yóò san. Bí o bá mú ìwé jáde láti kọ ọ́, ojú rẹ̀ á yí padà. Á ní, "Àáfà, ṣé ẹ kò gbà mí gbọ́ ni? Ṣebí ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni wá?" Ojú á wá ti oníṣòwò, á ká ìwé rẹ̀ kò. Nígbà tí oṣù bá parí, arákùnrin yìí á yí sááfù padà ní mọ́sáláṣí. Ẹni tí ó ti máa ń wà ní sááfù iwájú yóò máa kírun lẹ́yìn òpó, nítorí kí ojú má baà ṣe mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè náírà díẹ̀ yóò ṣe lé ènìyàn kúrò ní sááfù, tí yóò sì ba ìfẹ́ ọdún mẹ́wàá jẹ́.

Èsì tí mo máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nìyí: àwọn onígbàgbọ́ ni áyà náà ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn sàábé ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí Ọlọ́hun bá pa á láṣẹ fún àwọn yẹn kí wọ́n máa kọ gbèsè láàárín ara wọn, ta ni nínú wa tí ó lè sọ pé ìgbàgbọ́ òun ti ju ìwé lọ? Ẹni tí ó ní kí a kọ ọ́ kò pe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní olè. Ìfẹ́ tí ó wà láàárín wọn ni ó ń dáàbò bò.

Àwọn mìíràn á ní àwọn ní orí pípé. Wọ́n á tọ́ka sí alájọ Ṣómólú, ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ó ń gba àjọ ọgọ́rọ̀ ènìyàn láì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ̀bùn Ọlọ́hun ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ẹnìkan kì í di òfin fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá kó gbogbo gbèsè sí orí, bí ó bá kú lóru, orí náà ni wọn yóò sin mọ́ ọn. Kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi mọ ẹni tí ó jẹ bàbá wọn, àti ẹni tí bàbá wọn jẹ?

Ikú nìkan sì kọ́ ni ó ń dé lójijì. Ẹ bi àwọn bàbá wa tí wọ́n ṣòwò ní Ghana. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìnísà, Ṣakí àti ìlú mìíràn ni wọ́n ti gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń tajà láti ìlú ńlá dé abúlé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹni tí ó ní ilé fi ilé sílẹ̀. Ẹni tí ó ní ọjà tà á ní ọ̀pọ̀ tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Àwìn tí ó wà nígboro, ta ni yóò lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì?

Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í sábà bi. Ará Ghana tí ó jẹ oníṣòwò ará Ọ̀fà lówó, ǹjẹ́ gbèsè náà kúrò lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ìjọba lé olówó lọ? Rárá. Gbèsè kò mọ bodè. Kí a sì má ṣe fi ìka kan ṣoṣo nàka. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì, ará Ghana ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá wà láàárín wa tí ó jẹ olùkọ́ tàbí bíríkìlà ará Ghana ní owó iṣẹ́ títí ọkọ̀ fi gbé e lọ, owó náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ títí di òní. Òfin ìjọba lè lé ènìyàn kúrò ní ìlú. Kò lè sọ ohun ẹlòmíràn di tiwa.

Ṣùgbọ́n kí olówó náà má ṣe di ìkà. Ẹni tí kò ní yàtọ̀ sí ẹni tí ó ní tí kò fẹ́ san. Ẹni tí kò ní, ẹ̀sìn wa pa á láṣẹ kí a fún un láyè títí yóò fi rí i; bí a bá sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, sàráà ni. Ẹni tí ó ní tí ó ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la, alábòsí ni, kò sì yẹ kí a bo àṣírí rẹ̀ nítorí ẹgbẹ́.

ÀBÙKÙ ỌJÀ

Ní ọjọ́ kan, Ànábì wa kọjá lọ́dọ̀ ẹni tí ó kó oúnjẹ jọ sí ọjà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ẹ kíyè sí i pé kò bá ọkùnrin náà wí nítorí pé òjò pa ọjà rẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè dá òjò dúró. Fífi gbígbẹ bo tútù mọ́lẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Lóde òní, a mọ bí a ti ń fi gbígbẹ bo tútù. Àwọn kan a máa lu ìsàlẹ̀ kọ́ńgò wọ inú kí gàrí má baà kún un dáadáa. Àwọn kan a máa to tòmátò rere sí ojú, kí wọ́n fi èyí tí ó ti rà sí abẹ́. Ẹni tí ó ń ta fóònù tókúnbọ̀ mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́, kò sì ní sọ. Ẹni tí ó ń ta ìwé mọ̀ pé ojú ewé kan ti já nínú èyí tí ó fẹ́ tà. Súrà kan odindi wà nínú Àlùkùránì tí ó fi ìkìlọ̀ fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ròyìn rẹ̀ pé Abu Hanifa fún alábàáṣe rẹ̀ ní aṣọ kan tí ó ní àbùkù kí ó tà á, ó sì ní kí ó fi àbùkù náà han ẹni tí yóò rà á. Ẹni náà gbàgbé, wọn kò sì mọ ẹni tí ó rà á mọ́. Abu Hanifa mú owó ọjà náà, ó fi ta ọrẹ. Lójú tirẹ̀, owó náà ti wọ àpótí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀.

Níbí ni mo ti fẹ́ yà díẹ̀ sí ohun tí a máa ń gbọ́ lórí àga wàásù. Wọ́n á ní, "Ṣe òótọ́, ọjà rẹ yóò tà ju ti gbogbo wọn lọ." Ọ̀dọ́ á gbà á gbọ́, á sọ àbùkù ọjà rẹ̀, oníbàárà á sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí wọ́n ti ń fi irú ọjà náà búra pé kò ní àbùkù kankan. Ọ̀dọ́ náà á padà sílé, á ní irọ́ ni àáfà pa.

Ẹ̀yin ará mi, ọdún méjìlá tí mo fi tajà kò fi hàn mí pé olóòótọ́ kì í pàdánù. Ó máa ń pàdánù. Mo ti rí ẹni tí ó ń lu kọ́ńgò tí ó kọ́ ilé, mo sì ti rí olóòótọ́ tí ó wà nínú yàrá àháyà. Òótọ́ ni pé bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, àwọn ènìyàn a máa mọ ẹni tí wọ́n lè rán ọmọdé lọ rà nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Èrè ni ìyẹn, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nítorí èrè yẹn nìkan ni a ṣe ń ṣòótọ́, a jẹ́ pé ọjọ́ tí irọ́ bá mówó wá jù ni a ó padà sí irọ́. Ìdí tí a fi ń sọ àbùkù ọjà rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tí ọjà gbígbẹ fi ju ọjà tútù lọ, ti ẹni tí ó ń rà ni. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ohun ẹlòmíràn ni a gbà, ìbáà mú wa lówó, ìbáà mú wa tòṣì.

NÍGBÀ TÍ OWÓ ỌJÀ BÁ GUN ÒKÈ

Ìbéèrè kan wà tí ó le, tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò máa ń bi mí láti ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo tí a ń rà ní nǹkan bíi náírà 190 ti lé ní 480. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí ó wà ní nǹkan bíi 470 náírà ti kọjá 1,500 ní oṣù Kejì ọdún 2024. Àwa tí a ń ta ìwé kéwú tí wọ́n ń tẹ̀ ní Lẹ́bánónì àti Íjíbítì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Ìbéèrè náà ni pé: ìwé tí mo rà ní 2,000, tí mo fẹ́ tà ní 2,500, bí ó bá di 3,800 ní ọ̀dọ̀ àwọn tí a ti ń rà á, ṣé mo lè fi owó lé èyí tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù? Àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni, torí owó àtijọ́ ni a fi rà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá tà á ní 2,500, kò ní lè ra ẹyọ kan padà. Láìpẹ́ ṣọ́ọ̀bù yóò ṣófo. Lérò tèmi, ọjà tí a kò tíì tà lè bá iye ọjà lọ. Nígbà tí nǹkan wọ́n ní Mẹ̀dínà tí wọ́n ní kí Ànábì dá iye lé ọjà, kò gbà, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dúró níwájú Ọlọ́hun pé òun gba ohun ẹni náà. Ojú owó oníṣòwò náà, ohun ènìyàn ni.

Ṣùgbọ́n ààlà mẹ́ta wà níbẹ̀. Èkíní, ẹni tí ó ti san owó sílẹ̀ kí nǹkan tó wọ́n. Iye tí ẹ jọ sọ ni iye rẹ̀. Bí o bá pàdánù, ìwọ ni o ni àdánù, má ṣe gbé e lé e lórí. Èkejì, kí a má ṣe ti ọjà mọ́ inú ilé títí ará ìlú yóò fi jìyà. Ní àwọn ọjọ́ tí mo ń sọ yẹn, gbogbo wa rí àwọn ilé epo tí wọ́n tilẹ̀kùn pẹ̀lú epo nínú kànga wọn. Kíkó ọjà pamọ́ báyìí, Ànábì wa ka ẹni tí ó bá ń ṣe é sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ tí ó mọ ọ̀nà òkè gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó gbé owó lé ọjà ní wéréwéré nígbà tí dọ́là gun òkè, tí ó wá ń sọ pé ọjà àtijọ́ ni nígbà tí dọ́là wálẹ̀, ó ti ń fi òṣùwọ̀n méjì wọn ọjà.

OWÓ KÍÁKÍÁ

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ní ọdún 2016, MMM ṣèlérí ọgbọ̀n náírà èlé lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù kan fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà tí ó dá a sílẹ̀, ti ṣe irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, ó sì wó lé àwọn ènìyàn lórí ní 1994. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn wa náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀. Èlé ni, ìtànjẹ sì ni, kò sí oníyèméjì. Ohun tí mo fẹ́ kí a fi kún un ni pé ọ̀pọ̀ nínú owó tí ó rì sí ibẹ̀ kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n kó o lọ. Owó ìléèwé ọmọ wà níbẹ̀, owó àjọ wà níbẹ̀, owó tí oníbàárà san sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé 9,000 péré ni tòun kò ní fi 100,000 ta tẹ́tẹ́.

ÌPÍN ÀWỌN TÍ KÒ WÁ SÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ní ìpín nínú àpótí tí wọn kò sì mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa rárá. Àwọn ni aláìní. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé owó tí a tọ́jú sí báǹkì nìkan ni a ń yọ sàká rẹ̀. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọdún òṣùpá bá yí po, kí oníṣòwò ka owó ọwọ́ rẹ̀, kí ó díye lé ọjà tí ó ń tà ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ náà, kí ó fi gbèsè tí ó dá a lójú pé yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ kún un, kí ó sì yọ gbèsè tí ó yẹ kí ó san kúrò. Bí ohun tí ó kù bá tó iye wúrà gíráàmù 85, ìdá kan nínú ogójì ti kúrò ní tirẹ̀. Tábìlì, àga àti firíìjì tí ó ń lò kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀, báwo ni yóò ti ṣe mọ̀ bí sàká ti kàn án?

Kọjá sàká, ìlú náà ní ìpín. Alhaja Humuani Alaga, oníṣòwò aṣọ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958. Ní 1964, ẹgbẹ́ náà dá ilé ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀, Isabatudeen Girls' Grammar School. Ẹ wo iye ọmọbìnrin tí wọ́n ti gba ibẹ̀ jáde láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ náà kò ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá yìí rí, síbẹ̀ ohun kan wà fún wọn nínú àpótí rẹ̀. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ni mo ń tọrọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kì í ṣe èyí tí yóò parí sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti aṣọ àǹkárá ẹgbẹ́jọdá.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́ BẸ̀RẸ̀

Ẹ ra ìwé kan àti bírò kan kí ẹ tó ra ọjà. Ẹ ya owó òwò sọ́tọ̀ kúrò lára owó àpò, ì báà ṣe àkáǹtì méjì, ì báà ṣe agolo méjì. Ẹ dá iye kan lé ara yín tí ẹ ó máa mú lóṣooṣù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ òwò náà, kí ẹ má sì kọjá rẹ̀ nítorí ayẹyẹ kankan. Ọmọ tí ó ń bá yín tajà, ẹ san owó rẹ̀ kí ẹ tó ka èrè, nítorí kò ní ẹnu láti bá yín jà. Ní alẹ́ kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi ara yín léèrè ẹyọ kan: bí mo bá kú lóru òní, ta ni yóò wá sí ilé mi láàárọ̀ wá béèrè ohun rẹ̀, ṣé yóò sì rí i?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré. Wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan wá síwájú Ànábì wa kí ó kírun sí i lára. Ó béèrè bí ó bá jẹ gbèsè. Wọ́n ní dínárì méjì ni ó jẹ, kò sì fi ohun tí wọn yóò fi san án sílẹ̀. Ànábì fà sẹ́yìn, ó ní kí àwọn sàábé kírun sí i lára, àfi ìgbà tí Abu Qatadah gbà pé òun yóò san án. Owó dínárì méjì péré! Ọkùnrin náà kì í ṣe kèfèrí, kì í ṣe olè. Mùsùlùmí bíi tiwa ni, ó ń kírun bí àwa ti ń kírun. Ohun ẹlòmíràn ni ó kù sí i lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní arísìkí tí ó mọ́, kí Ó jẹ́ kí a mọ tiwa yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, kí Ó má sì jẹ́ kí ohun olóhun bá wa wọ sàréè. Àmín.